Iṣẹ́ Dísáínà Ọjà nínú Ṣíṣe Ohun Èlò Tuntun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

A kọ èyí fún ẹni tó ní ọjà kan lọ́kàn tó sì fẹ́ ṣe é jáde, fún ẹni tó ti ń ṣe ọjà ṣùgbọ́n tí àwọn oníbàárà ń ráhùn lórí rẹ̀, àti fún ọ̀dọ́ tó ń rò ó bóyá kí òun kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ìbéèrè tí ènìyàn sábà máa ń béèrè ni a kó jọ síbí.

Ta ni à ń pè ní dísáínà ọjà?

Dísáínà ọjà, ẹni tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń pè ní industrial designer, ni ẹni tó ń pinnu bí ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe jáde lọ́pọ̀ yanturu yóò ṣe rí, bí yóò ṣe rọ ọwọ́ tó, bí ẹni tó rà á yóò ṣe mọ ibi tí yóò tẹ̀ àti ibi tí yóò fà, ohun tí wọn yóò fi ṣe é, àti bí wọn yóò ṣe tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Kẹ́tùlù, àga ilé-ẹ̀kọ́, firíìjì, fáànù, ìgò oògùn, kẹ̀kẹ́ arọ, gbogbo wọn ni ẹnì kan ti jókòó rò kí wọ́n tó dé ọjà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan àga kan fún oníbàárà kan lè máa tún èrò rẹ̀ pa bí ó ti ń kan án lọ. Dísáínà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ọjà tó ya àwòrán rẹ̀ yóò ti jáde, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí àṣìṣe kan ṣoṣo bá sì wà nínú àwòrán, ara gbogbo wọn ni yóò wà.

Ṣé iṣẹ́ ẹnjiníà kọ́ nìyẹn?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń ṣòro láti fa ààlà sí i. Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ọjà. Ẹnjiníà ni yóò mọ bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, bí bẹ́líìtì yóò ṣe gùn tó, àti irú irin tí kò ní tètè jẹ. Dísáínà ni yóò béèrè bóyá obìnrin tí kò ga lè da ata sí ẹnu ẹ̀rọ náà láìnàgà, bóyá bẹ́líìtì tó ń sáré lè gbá ìró oníbàárà mú, ibi tí ọmọ tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá yóò dúró sí, àti bí ẹni tó ń lọ nǹkan yóò ṣe fọ inú rẹ̀ mọ́ kí ata àná má bàa wọnú ẹ̀wà àkàrà tòní.

Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn ni ti tẹlifóònù Model 500 tí ilé-iṣẹ́ Bell gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1949. Henry Dreyfuss, ọ̀kan nínú àwọn dísáínà tó lókìkí jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, àti àwọn ẹnjiníà Bell ni wọ́n jọ ṣe é. Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà nínú àwọn ihò tí ìka ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó síta, wọ́n tò wọ́n yí i ká, kí ìka má bàa bò wọ́n mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sì tètè pa rẹ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ti kúrò nínú ihò báyìí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ojú wọn kò rí ibi kan pàtó tí wọn yóò darí ìka sí. John Karlin, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Bell Labs, ibi ìwádìí ilé-iṣẹ́ Bell, ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi àmì tóótòòtó kan sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ìka ti tún ń yá. Kò sí ohun tó ṣe wáyà tàbí iná tẹlifóònù náà ní gbogbo àkókò yìí. Àárín ojú àti ìka ni ìṣòro náà wà, ibẹ̀ gan-an sì ni oko dísáínà.

Ìgbà wo ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀?

Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń mọ ìkòkò ni wọ́n ti ń ro bí ohun èlò yóò ṣe bá ọwọ́ mu, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó di dandan kí ẹnì kan máa ronú ṣáájú ẹ̀rọ. Ọdún tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni 1907, nígbà tí AEG, ilé-iṣẹ́ ohun èlò iná mànàmáná ní Jámánì, gba Peter Behrens, ayàwòrán àti ayàwòrán-ilé, pé kó máa bójú tó ìrísí gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe: iná, fáànù, kẹ́tùlù, àmì ilé-iṣẹ́, ìwé ìpolówó, títí kan ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ńlá wọn ní Berlin. Ní 1919 ni wọ́n dá Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti dísáìnì, sílẹ̀ ní Weimar ní Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ni ó sọ iṣẹ́ náà di ohun tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń wá, nítorí pé ọjà kò tà mọ́, àwọn oníléeṣẹ́ sì ń wá ohun tí yóò mú kí tiwọn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dísáínà bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1957. World Design Organization ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyájọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọọdún.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣe ọjà lọ́ṣọ̀ọ́ kó lè tà ni?

Àwọn kan wà tí wọn kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ fi gbà pé ìgbà tí ohun gbogbo bá ti parí tán ni à ń pe dísáínà, kó wá kun ọjà lọ́dà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lójú oníbàárà.

Raymond Loewy, tí wọ́n bí ní Paris ṣùgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní New York, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ẹni tó ń mú ọjà dán. Síbẹ̀, nígbà tó ṣe firíìjì Coldspot tuntun fún ilé-iṣẹ́ Sears ní 1935, kì í ṣe ìrísí nìkan ló yí padà. Ó fi alumíníọ́mù tí kì í dípẹtà ṣe pẹpẹ inú rẹ̀, ó sì ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi lè fi ìgúnpá ṣí i. Ohun tí obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ nílò nìyẹn.

Èyí tó ṣe kedere jù lọ fún mi ni ti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èso àti pọ̀tétò. Sam Farber, oníṣòwò ohun èlò ilé-ìdáná ní Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣàkíyèsí pé ọ̀bẹ yìí ń ni Betsey ìyàwó rẹ̀ lára, nítorí làkúrègbé tó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Èèkù irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní nígbà náà, bí ènìyàn bá sì fún un mọ́wọ́ dáadáa, ńṣe ló ń wọni lẹ́ran. Farber gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Smart Design, ilé-iṣẹ́ àwọn dísáínà ní New York. Wọ́n bá àwọn tó ní làkúrègbé sọ̀rọ̀, wọ́n gbẹ́ oríṣiríṣi èèkù, wọ́n sì fi wọ́n lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti gbìyànjú wọn. Èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nípọn, kò sì rí róbótó pátápátá, kó má bàa máa yí lọ́wọ́. Rọ́bà dúdú kan tó ń jẹ́ Santoprene ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí kì í yọ̀ bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí òróró bá wà lára rẹ̀, wọ́n sì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá máa ń wà, kí rọ́bà náà lè tẹ̀ fún ìka. Ní 1990 ni wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ OXO Good Grips. Kì í ṣe àwọn aláìsàn nìkan ló rà á, nítorí pé ohun tó rọ ọwọ́ tó ń ro lọ́rùn, ó rọ ọwọ́ tó dá ṣáṣá náà lọ́rùn.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin?

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ààrò tí wọ́n fi ń yan gàrí ṣe àpẹẹrẹ, kí a ní wọ́n pe dísáínà kan pé kó ṣe èyí tó sàn ju ti àtijọ́ lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí ni yóò kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ìdí kọ̀ǹpútà. Yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ni obìnrin náà gbé àpótí sí tó jókòó lé, nítorí pé iwájú ààrò ni wọ́n ti ń ti igi bọ iná, ibẹ̀ náà sì ni ooru ti ń jáde. Ìdí nìyí tí ó fi ń yí ìbàdí sápá kan láti àárọ̀ dalẹ́. Yóò rí i pé ọwọ́ kan ń fi igbá ro gàrí nígbà tí ọwọ́ kejì ń tún igi ṣe, pé ojú rẹ̀ gan-an ni èéfín ń gbà kọjá, àti pé ó máa ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti bu gàrí sí àtẹ́lẹwọ́, kó fi ìka rà á, kó sì tẹ́tí sí bó ṣe ń dún nínú agbada, kó tó mọ̀ pé ó ti yan. Gbogbo èyí ni dísáínà yóò kọ sílẹ̀. Yóò fi téèpù wọn gíga ààrò àti ti àpótí, yóò wọn bí apá ṣe ń nà tó, yóò sì béèrè ibi tó ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n bá délé lálẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé kúkúrú kan yóò jáde, tí dísáínà, ẹnjiníà àti ẹni tó ni owó yóò jọ fọwọ́ sí. Ìwé náà lè sọ pé ẹ̀yìn ni kí ẹnu tí igi ń gbà wọlé wà, kí ẹni tó ń yan gàrí lè jókòó kọjú sí agbada tààrà; kí ihò èéfín ga ju òrùlé lọ; kí agbada ṣeé yọ fún fífọ̀; kí wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é pẹ̀lú irin tó ń rí rà; kí iye rẹ̀ má sì ju agbára ẹgbẹ́ aláàjọ kékeré kan lọ. Ìwé yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé òun ni wọn yóò máa padà sí nígbà tí àríyànjiyàn bá dé.

Àwòrán ló kàn, wọn a sì pọ̀, nítorí pé orí ìwé ni àṣìṣe ti rọrùn jù láti tún ṣe. Lára wọn ni wọn yóò ti mú méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò fi páálí àti pákó kan wọn ní ìwọ̀n gidi, láìsí iná nínú wọn, wọn yóò sì ní kí obìnrin náà jókòó, kó mú igbá, kó máa ṣe bí ẹni ń yan gàrí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá orúnkún rẹ̀ ń kan ara ààrò, bóyá agbada ga jù. Ibi tí àwòrán ti ń purọ́, páálí kì í purọ́ níbẹ̀.

Ìgbà tí ìyẹn bá dára ni wọ́n tó fi irin ṣe sámpù, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìdánwò, tí wọ́n dá iná sí i, tí wọ́n sì yan gàrí gidi nínú rẹ̀. Níbí ni iṣẹ́ dísáínà ti máa ń le jù, torí pé ohun tí ẹnjiníà kà sí àṣeyọrí lè jẹ́ ohun tí ẹni tó ń lò ó kò fẹ́. Bí wọ́n bá bo agbada pa kí ooru má bàa jáde, tí wọ́n sì fi mọ́tò ro ó, igi tí wọ́n ń dá yóò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan gàrí kò ní gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tó o. Dísáínà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò jà fún fèrèsé kan tó ṣeé ṣí, kódà bí ooru díẹ̀ bá gba ibẹ̀ lọ.

Ní ìkẹyìn ni yóò ya àwòrán tí wẹ́dà yóò tẹ̀ lé, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n, bí irin ṣe nípọn tó, àti èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ jó pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Bí oṣù bíi mélòó kan bá sì ti kọjá tí wọ́n ti ń lò ó, ó yẹ kó padà lọ wò ó. Okùn tí wọ́n fi so nǹkan, òkúta tí wọ́n fi ti ẹsẹ̀ ààrò, aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ibi tó ń gbóná: àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó, wọ́n sì ń sọ ọ́ ju ẹnu ẹni tó ń lò ó lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ fún àlejò pé ohun tó ṣe dára.

Báwo ni dísáínà ọ̀dọ́ ṣe lè mọ ohun tí arúgbó tàbí aláìsàn nílò?

Kì í mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ó lọ wádìí. Patricia Moore ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Loewy ní New York nígbà tó béèrè níbi ìpàdé kan bóyá wọ́n lè ṣe ìlẹ̀kùn firíìjì tí ẹni tó ní làkúrègbé yóò lè ṣí. Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé àwọn kì í ṣe nǹkan fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Láti 1979, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 26, ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí ìyá arúgbó: ó wọ awò tó mú kí ojú rẹ̀ ṣú, ó dí etí, ó di ẹsẹ̀ àti ìka kí wọ́n má lè tẹ̀ dáadáa, ó sì ń rìn ní ìlú tó ju 100 lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ó rí i bí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ṣe ga tó àti bí ìdérí ìgò ṣe le tó. Kò pọn dandan kí gbogbo dísáínà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára jù pé kí a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arúgbó fúnra wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Moore wà lára ohun tó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ dẹ́kun láti máa fi ọ̀dọ́ abarapá nìkan ṣe òṣùwọ̀n.

Ìwọ̀n ara náà wà níbẹ̀. Dreyfuss àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀n ara ọkùnrin àti obìnrin jọ sínú àwòrán ènìyàn méjì tí wọ́n sọ ní Joe àti Josephine, kí wọ́n lè máa gbé ọjà tuntun ka iwájú wọn. Ẹ ṣọ́ra fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o jọ. Ẹ wọn àwọn tí yóò lò ó níbí.

Kí ló kan dísáínà pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń da ike?

Ó kàn án gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwòrán tó rẹwà ni kò ṣeé dà. Láti ṣe ọjà oníke, wọ́n máa ń yọ́ ike, wọn a sì fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ bí ọjà náà yóò ṣe rí. Bí ike bá tutù, ó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ láìya. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í fi í dúró ṣánṣán. Ó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bíi digirí kan tàbí méjì. Ó tún dára kí ara ọjà náà nípọn dọ́gba, nítorí pé ibi tó bá nípọn jù ni yóò tutù kẹ́yìn, tí yóò sì jìn wọnú. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àga ike lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí irú ibi jíjìn bẹ́ẹ̀. Dípò kí dísáínà mú kí ike nípọn kó lè lágbára, egungun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò fi sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo etí ìmú ife tàbí garawa: bí ìlà tí mọ́ọ̀dù ti pàdé bá bọ́ sí ibi tí ìka ń dì mú, yóò máa ha ni lọ́wọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ló yẹ kó gbé ìlà náà kúrò níbẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí a pe dísáínà?

Kí ẹ tó gbẹ́ mọ́ọ̀dù, kí ẹ tó ra irin, kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó. Iye tí wọ́n fi ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin tó dára sábà máa ń ju owó dísáínà lọ fíìfíì, bí wọ́n bá sì ti gbẹ́ ẹ tán, àtúnṣe kékeré lè gba owó ńlá, àtúnṣe ńlá sì lè sọ ọ́ di ohun tí kò wúlò mọ́.

Ǹjẹ́ dísáínà lè mú kí owó tí a fi ń ṣe ọjà dín kù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè dín iye ẹ̀yà kù, ó lè mú kí ọjà tò wọnú ara wọn kí ọkọ̀ lè kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè mú kí ẹ̀yà kan náà sìn fún oríṣiríṣi ọjà. Ní 1909, Behrens ṣe kẹ́tùlù iná fún AEG ní ìrísí mẹ́ta, pẹ̀lú oríṣiríṣi irin àti ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà wọn ló bára mu, tó fi jẹ́ pé oníbàárà ní ohun púpọ̀ láti yàn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe kò pọ̀.

Ṣé wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà?

Wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ̀ka industrial design wà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì wà ní Yaba College of Technology ní Èkó. Ṣùgbọ́n aṣọ, amọ̀ àti àwòrán ìtẹ̀wé ni ẹ̀kọ́ náà tẹnu mọ́ jù ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ àti ohun èlò ilé gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé-iṣẹ́ wẹ́dà, ti àwọn tó ń da ike àti ti ẹnjiníà. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí àti àwọn ibi ìwádìí bíi FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 tó sì ti ṣiṣẹ́ lórí fífi ẹ̀rọ ṣe gàrí, máa jọ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe lè kúrò nínú ọgbà ìwádìí kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ń jáde láti ilẹ̀ wa. Nifemi Marcus-Bello, dísáínà tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, ṣe àpótí ìjókòó kan tó ń jẹ́ LM Stool pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àpótí irin tí wọ́n fi ń bo jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà lè ṣe tẹ́lẹ̀, kó gé irin pẹlẹbẹ kó sì tẹ̀ ẹ́, ni ó fi pinnu ìrísí àpótí náà. Ní ìhà àríwá, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ tó wá láti ìdílé amọ̀kòkò, ṣe ìkòkò méjì tí ọ̀kan wọnú èkejì, tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, fún àwọn àgbẹ̀ Jigawa tí kò ní iná mànàmáná. Bí omi ti ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ìta ni inú ti ń tutù, ìgbá tí kò lè kọjá ọjọ́ mẹ́ta sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 27 níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ní etí òkun Èkó tàbí Kútọnu, níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí dísáínà kò fi gbọ́dọ̀ gbé ọjà ibì kan lọ sí ibòmíràn láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé-iṣẹ́ mi kéré, n kò lówó láti gba dísáínà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lè gbà á fún ìpele kan ṣoṣo, pàápàá ìwádìí àti sámpù àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ bá a ṣe àdéhùn pé yóò máa gba ìdá díẹ̀ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn náà máa ń wá iṣẹ́ tí yóò fi ṣe àkànṣe rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe, ẹ gbé ọjà yín fún ènìyàn márùn-ún tí kò rí i rí, ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ wọn. Ó máa ń ṣòro láti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo ìrísí ọjà mi?

Òfin Nàìjíríà tó ń jẹ́ Patents and Designs Act fàyè gba ìforúkọsílẹ̀ ìrísí ọjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà fún un ní Àbújá. Ààbò náà jẹ́ ọdún márùn-ún, ẹ sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ ọdún 15. Páténtì, tó wà fún bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, lè tó 20 ọdún. Ìrísí tó jẹ́ pé kìkì nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe ló ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dísáìnì.

Ohun méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ìrísí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí náà ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook kí ẹ tó kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ ni òfin kà sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti dísáínà, kó tó fa ìlà kan, ẹni tí yóò ni àwòrán àti ẹni tí yóò fi orúkọ sílẹ̀.

Ǹjẹ́ dísáínà ní ipa kankan nínú bí ọjà ṣe ń pẹ́ sí?

Ọwọ́ rẹ̀ ni èyí wà jù. Bóyá ìdè oníbírí (screw) ni wọn yóò fi so ọjà pọ̀ tàbí gọ́ọ̀mù, bóyá bátìrì ṣeé yọ, bóyá ẹ̀yà tó ń tètè jẹ wà ní ibi tí ọwọ́ tó: orí ìwé ni wọ́n ti ń pinnu gbogbo rẹ̀. Dieter Rams, tó wọ ilé-iṣẹ́ Braun ní Jámánì ní 1955, ṣe pẹpẹ ìkówèé kan, 606, ní 1960 fún ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Vitsœ lónìí. Wọ́n ṣì ń ṣe é, ẹni tó ti rà á láti ìgbà pípẹ́ sì lè ra ẹ̀yà tuntun kún un láìda ti àtijọ́ nù. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a kì í tètè ju nǹkan nù, tí oníṣẹ́ àtúnṣe sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, ọjà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí pa jẹ́ ìrẹ́jẹ sí oníbàárà àti sí ẹni tí ì bá tún un ṣe.

Kí ni kí n mú lọ bá dísáínà ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ẹ mú ọjà tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ tàbí èyí tó sún mọ́ ohun tí ẹ ń rò, pàápàá èyí tí wọ́n ti lò tó ti bàjẹ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó ráhùn lọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ tà á, iye tí ẹ lérò pé ẹ ó ṣe lọ́dún, àti ẹ̀rọ tó wà ní ilé-iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ti ní àwòrán lọ́kàn, ẹ fi hàn án, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ìṣòro tí ẹ fẹ́ kí ọjà náà yanjú fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó béèrè ẹni tí yóò lò ó kó tó mú pẹ́ńsù. Bí kò bá béèrè, ẹ wá ẹlòmíràn.